Amíbà Tó Tilẹ̀kùn Mọ́rí

Bí inú bá ń run èèyàn nílẹ̀ wa, tí ìgbẹ́ ń ya á, orúkọ oògùn kan ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu: Flagyl. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá. Wọ́n á yà sí kẹ́míìsì tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n á lò ó fún ọjọ́ méjì, inú á rọlẹ̀, wọ́n á sì gbé ìyókù pamọ́ de ìgbà mìíràn. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ amíbà ló ń da inú náà láàmú, Flagyl, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ metronidazole, á pa á níbi tó ti ń jẹ ẹran ara. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ìrísí méjì ni amíbà yìí ní, ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì sì ni oògùn náà lè bá jà. Èkejì wà nínú ìfun, ó ti tilẹ̀kùn mọ́rí, oògùn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó tilẹ̀kùn mọ́rí yìí náà ló sì ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àìsàn yìí kò fi tán láyé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó lọ.

Entamoeba histolytica ni àwọn onímọ̀ ń pe amíbà náà. Ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì kan ni, ojú lásán kò lè rí i. Fedor Lösch, dókítà kan ní ìlú St Petersburg ní Rọ́ṣíà, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1875, lẹ́yìn tó fi maikirosikóòpù wo ìgbẹ́ àgbẹ̀ kan tí ìgbẹ́ ọ̀rìn ń bá fínra. Èyí tí Lösch rí ni èyí tó ń rìn: á na apá kan ara rẹ̀ síwájú, á sì wọ́ ìyókù tẹ̀lé e. Ó di 1893 kí Heinrich Quincke àti Ernst Roos, ní Jámánì, tó rí ìrísí kejì, èyí tó dúró sójú kan, tó rí róbótó, tí ìkarahun yí i ká. Wọ́n fi í bọ́ ológbò, ológbò sì kó àrùn náà.

Ẹ̀rí tó fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ lára èèyàn wá láti Manila, ní orílẹ̀-èdè Philippines, ní 1913. Ernest Walker àti Andrew Sellards kó amíbà sínú kápúsù, wọ́n fún 20 ẹlẹ́wọ̀n ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Bilibid gbé mì. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin náà yọ̀ǹda ara wọn. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, tí ìjọba òkèèrè ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìyọ̀ǹda rẹ̀ kò lè tó ti ẹni tó wà lómìnira, kò sì yẹ kí á máa ka iṣẹ́ yẹn láìrántí wọn. Nínú àwọn 20 yìí, 18 ni amíbà gbé inú wọn, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni ìgbẹ́ ọ̀rìn mú. Àwọn 14 yòókù ń jẹ, wọ́n ń sùn, ara wọn le koko, bẹ́ẹ̀ ni amíbà ń bá ìgbẹ́ wọn jáde nínú ìkarahun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ amíbà ti yàtọ̀ sí ohun tí a rò. Ẹni tí a bá rí tó dùbúlẹ̀, tí inú ń lọ́, tí ẹ̀jẹ̀ àti ikun ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, òun ni a máa ń sá fún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, amíbà tó ń rìn ló pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìgbẹ́ gbuuru ti gbá a jáde kó tó ráyè wọ ìkarahun. Èyí tó ń rìn kì í pẹ́ kú bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, bí ẹlòmíràn bá sì ṣèèṣì gbé e mì, omi kíkan inú ikùn á pa á. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, tó ń dáná fún àwọn ará ilé, òun gan-an ni ìkarahun ń jáde lára rẹ̀ ní mílíọ̀nù.

Báwo ni amíbà ṣe ń wọ inú ìkarahun? Nínú ìfun ńlá ló ń gbé, bakitéríà ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ìgbẹ́ ṣe ń sún lọ sí ìsàlẹ̀, ara èèyàn ń fa omi inú rẹ̀, ó ń gan, ohun tí amíbà lè jẹ ń dín kù. Nígbà tí ebi bá dé, amíbà á ṣíwọ́ jíjẹ. Á pọ ohun tó ṣẹ́kù nínú ikùn rẹ̀ dànù, á ká apá àti ẹsẹ̀ tó fi ń rìn kò, á sì di róbótó. Wọ́n ti rí i lára ìbátan rẹ̀ kan nínú ìgò láàbù pé àwọn amíbà á kọ́kọ́ wọ́ jọ sójú kan, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kálukú á kó irú ṣúgà kan jọ sínú ara gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ ọ̀nà. Àwọn ẹ̀rọ tíntìntín tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì, á tò wọ́n jọ gbagidi títí tí wọ́n á fi dà bí ọ̀pá kúkúrú tí orí rẹ̀ rí kìbìtì. Ọ̀pá yìí ni òṣìṣẹ́ láàbù máa ń wò láti fi dá a mọ̀. Kóró tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì á pín sí méjì, méjì á pín sí mẹ́rin. Bí ẹ bá rí róbótó kan tí kóró mẹ́rin wà nínú rẹ̀, ó ti gbó nìyẹn, ó ti lè ran èèyàn. Bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 100, ìwọ̀n ìdá kan sí ìdá kan àbọ̀ nínú rẹ̀ ni ó fẹ̀ mọ.

Ògiri rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Kítínì ló fi ń mọ ọ́n, ohun kan náà tó mú kí èèpo akàn àti edé le. Ní 2009, John Samuelson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston ṣàlàyé bó ṣe ń mọ ọ́n, wọ́n sì fi í wé irú ilé tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa, èyí tí wọ́n ń ri igi mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ hun ún kí wọ́n tó fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Purotéènì kan tí wọ́n sọ ní Jacob á lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì, á sì so okùn kítínì pọ̀ mọ́ ara wọn níbùú àti lóròó. Òmíràn tí wọ́n sọ ní Jessie ló wá ń dí gbogbo àlàfo tó kù. Kí Jessie tó dé, nǹkan ṣì lè gba àárín okùn wọlé. Bó bá ti rẹ́ ẹ tán, ó parí. Omi kíkan inú ikùn kò ní lè wọ ibẹ̀, kúlórínì tí wọ́n ń dà sí omi ẹ̀rọ kò sì ní lè ràn án bó ṣe yẹ.

Oògùn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni àṣìrò pọ̀ sí. Àwọn ará Faransé ní ilé iṣẹ́ Rhône-Poulenc ló ṣe metronidazole ní àwọn ọdún 1950, àìsàn ojú ara obìnrin kan ni wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó fún. Ní 1966, Powell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí amíbà ti ń pa èèyàn púpọ̀ nígbà náà, fi hàn pé ó ń wo ìgbẹ́ ọ̀rìn amíbà, ó sì ń wo egbò inú ẹ̀dọ̀ tí amíbà ń dá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni iṣẹ́ yẹn gbà là. Àmọ́ metronidazole kì í ṣe májèlé nígbà tí ẹ gbé e mì. Ẹ̀dá tó ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ kò pọ̀, bíi amíbà, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di májèlé. Ọ̀nà tí amíbà ń gbà sọ oúnjẹ di agbára ló ń yí oògùn náà padà nínú rẹ̀, ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde á sì ba DNA àti purotéènì rẹ̀ jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tiwa kì í yí i padà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi lè lò ó tí kò sì pa wá.

Ẹ wá wo èyí tó wà nínú ìkarahun. Kò jẹun. Iṣẹ́ inú ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Ìwọ̀nba oògùn tó bá tilẹ̀ ráyè gba ara ògiri wọlé kò bá ẹni tó máa sọ ọ́ di májèlé. Ó tún ku ohun kan. Ara tètè máa ń fa metronidazole sínú ẹ̀jẹ̀ láti òkè ìfun, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dé ẹ̀dọ̀ wéré, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó ń dé inú ihò ìfun ńlá kéré. Nítorí náà, láàárín ìdá 40 sí 60 nínú ìdá 100 àwọn tó lò ó pé, tí ara wọn sì yá, amíbà ṣì wà nínú ìfun wọn. Wọn kò mọ̀. Kò sí ohun tó máa sọ fún wọn.

Kì í ṣe pé amíbà yìí ti kọ́ ọgbọ́n tuntun bíi ti bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́. Ìkarahun kan náà tí Quincke rí ní 1893, òun la ṣì ń rí lónìí. Bí ẹlòmíràn bá sì gbé e mì, tó kọjá ikùn, tó dé ìparí ìfun kékeré, amíbà inú rẹ̀ á jí, á pèsè ohun tó ń jẹ kítínì, á dá ihò sí ògiri rẹ̀, á sì yọ jáde. Kóró mẹ́rin á di mẹ́jọ, ìyẹn sì ni amíbà kéékèèké mẹ́jọ láti inú ìkarahun kan. Flagyl kan náà tí kò rí wọn gbé ṣe lánàá lè pa àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lónìí.

Oògùn tó ń bá ti inú ihò ìfun jà wà: paromomycin, diloxanide furoate, iodoquinol. Àǹfààní paromomycin ni pé ara kì í fà á, inú ìfun ló ń dúró sí, á sì máa pa àwọn amíbà tó ń ṣe ìkarahun síta. Ìlànà ìtọ́jú ni pé kí aláìsàn kọ́kọ́ lo metronidazole kó pé, kó sì wá lo ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tẹ̀lé e. Orúkọ ti àkọ́kọ́ wà lẹ́nu ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ti àwọn tó yẹ kó tẹ̀lé e kì í sábà dé etí ẹni tó ń ra oògùn lójú ọ̀nà. Ó dùn mí, torí ìdajì ìtọ́jú là ń pè ní ìwòsàn.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń rò sí wò. Amíbà tó bá gún ògiri ìfun wọnú ẹran ara, tó sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀, kì í ṣe ìkarahun níbẹ̀ láéláé. Egbò tó dá sínú ẹ̀dọ̀ lè tóbi débi pé ó máa pa èèyàn, ṣùgbọ́n amíbà inú rẹ̀ kò ní ọ̀nà àtijáde, kò sì ní ran ẹnikẹ́ni. Àìsàn tó ń bà wá lẹ́rù, àṣìnà ló jẹ́ fún amíbà. Ohun tó ṣe é láǹfààní ni pé kí ara ẹni tó ń gbé nínú rẹ̀ le. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ní i nínú, bí mẹ́sàn-án ni kì í ṣe nǹkan kan. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 1997 sọ pé nǹkan bíi 50 mílíọ̀nù èèyàn ló ń mú lọ́dún, àti pé láàárín 40,000 sí 100,000 ló ń pa.

Àwọn tó bá rò pé àìsàn ilẹ̀ olóoru nìkan ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti Chicago. Ní 1933, ìlú náà ṣe àfihàn ńlá kan tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wọ́ lọ wò. Ọ̀pọ̀ àlejò dé sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá méjì tó wà nítòsí ara wọn. Wọ́n jẹun, wọ́n mu omi tútù, wọ́n padà sílé. Ìkarahun máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà mìíràn oṣù, kí àìsàn tó yọ, nítorí náà ìgbà tí wọ́n ti tú ká sí ìlú wọn káàkiri orílẹ̀-èdè náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Àwọn dókítà ìlú kékeré tí kò rí amíbà rí pè é ní oríṣiríṣi orúkọ, wọ́n tilẹ̀ la inú àwọn kan nítorí wọ́n rò pé apẹ́ńdíìsì wọn ló wú. Texas Guinan, gbajúmọ̀ eléré orí ìtàgé, wà lára àwọn tó kó o ní Chicago. Vancouver ní Kánádà ló kú sí ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Nígbà tí wọ́n máa fi ka gbogbo rẹ̀, ó ti lé ní 1,000 èèyàn tó kó o, 98 sì ti kú.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìdáná ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá lọ wo páìpù. Páìpù ìgbẹ́ tó ti gbó ń jò nítòsí omi mímu tí wọ́n ń sọ di tútù, páìpù omi àti ti ẹ̀gbin sì pàdé níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti pàdé. Wọ́n ń da kúlórínì sí omi Chicago nígbà náà. Bakitéríà tí kúlórínì yẹn lè pa kò níye. Ní ti ìkarahun, ó gbà á kọjá lọ sínú kọ́ọ̀bù.

Ohun tí mo sọ nípa ìkarahun tí láàbù rí ní àbùkù kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹ̀dá kejì wà tó jọ ọ́ bí ìbejì, Entamoeba dispar, tí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Émile Brumpt, ará Faransé, sọ bẹ́ẹ̀ ní 1925, wọn kò gbà á gbọ́. Ó di 1993 kí Louis Diamond àti Graham Clark tó fi ẹ̀rí yà wọ́n sọ́tọ̀ tí ayé sì gbà. Ìkarahun àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù rárá. Nítorí náà, nígbà tí ìwé àyẹ̀wò bá sọ pé àwọn rí síìsì amíbà, ìyẹn amíbà inú ìkarahun, bó ṣe máa ń wà nínú ìwé àyẹ̀wò ìgbẹ́ nílẹ̀ wa, ó lè jẹ́ apani, ó sì lè jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Àyẹ̀wò tó ń wá purotéènì tàbí DNA rẹ̀ ló lè sọ èwo ni.

Amíbà míì tún wà tó le jù èyí lọ nínú ìkarahun. Acanthamoeba ni wọ́n ń pè é, inú ilẹ̀ àti inú omi ló ń gbé, kò nílò èèyàn láti fi wà láàyè. Ògiri tirẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, èròjà inú èèpo igi ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gbé èyí tó ti gbẹ fún ohun tó lé ní 20 ọdún síbi tí oúnjẹ wà, ó sì jí. Ó máa ń wọ ojú àwọn tó ń lẹ awò onírọ́bà mọ́ ẹyinjú, pàápàá bí wọ́n bá fi omi ẹ̀rọ fọ awò náà tàbí tí wọ́n wẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọge wa tó ń fi irú awò yìí pa àwọ̀ ojú dà nítorí ìgbéyàwó tàbí fọ́tò, ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n. Ìrora rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, oògùn ẹ̀kán sì máa ń lọ ní wákàtí wákàtí, tọ̀sán tòru ní ìbẹ̀rẹ̀, á sì tún máa bá a lọ fún oṣù púpọ̀, torí amíbà tó ń rìn á kú, èyí tó wà nínú ìkarahun á dúró de ìgbà tí dókítà bá dáwọ́ dúró. Ó tún ń gba àlejò pamọ́. Bakitéríà Legionella tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró lè wọnú rẹ̀, bó bá sì wọ ìkarahun, bakitéríà náà á bá a wọlé. Àyẹ̀wò kan tí wọ́n gbé jáde ní 1990 fi hàn pé Legionella inú ìkarahun yè nínú omi tí kúlórínì rẹ̀ tó 50 mìlígíráàmù nínú lítà kan. Ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kó má kọjá nínú omi mímu nìyẹn.

Ká padà sí ti inú ìfun. Iná ni ìkarahun rẹ̀ kò lè fara dà. Omi tó bá hó dáadáa ti pa á. Gbígbẹ náà máa ń pa á, ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ tútù tàbí lára ẹ̀fọ́ tí wọ́n bomi ẹlẹ́gbin rin, ó lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Abẹ́ èékánná jẹ́ ibi ìsápamọ́ sí fún un, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn sì ni kì í jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Ní láàbù, àwọn onímọ̀ kò rọ́wọ́ mú un bí wọ́n ṣe fẹ́, torí Entamoeba histolytica kì í sábà gbà láti wọ ìkarahun nínú ìgò. Ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú ejò àti alángbá, Entamoeba invadens, ni wọ́n ń lò dípò rẹ̀. Wọ́n á fi ebi pa á, wọ́n á mú ṣúgà kúrò nínú omi rẹ̀, wọ́n á sì bu omi là á, kò sì ní ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn á fi di róbótó. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń yẹ oògùn wò ní ẹyọ ẹyọ. Wọ́n ti rí i pé obatoclax, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nítorí àrùn jẹjẹrẹ, lè pa ìkarahun tó ti gbó, ṣùgbọ́n kò tíì di ohun tí wọ́n ń fún ẹni tí amíbà ń bá jà. Títí dìgbà yẹn, oògùn méjì ni, ọ̀kan fún ẹran ara, ọ̀kan fún ihò ìfun, kí wọ́n sì tún ìgbẹ́ yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ẹ bá lò wọ́n tán. Bí dókítà bá ní kí ẹ mú un wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe bínú sí i, nítorí ìkarahun kì í jáde lójoojúmọ́.